Iná tí mo lọ tọrọ nílé Ìyá Ìbejì

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láìjẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bí mo bá fẹ́ ra àkàsà, mo ti ka owó rẹ̀ sọ́wọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. N kì í gun zémì, alùpùpù akérò, tí owó tó ṣe géé kò bá sí lápò mi. Iyọ̀ kì í tán nílé mi, ìṣáná kì í tán, torí bó bá ti ku díẹ̀ ni mo ti ń ra òmíràn. Inú mi máa ń dùn sí i pé mo dá dúró. Tó bá wá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, màá sunkún, nítorí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní sí ẹyọ ẹnì kan tó kan ilẹ̀kùn mi.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé nǹkan kan náà ló ń fa ìdùnnú yẹn àti ẹkún yẹn. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ torí mo mọ̀ pé irú mi pọ̀: àwa tí a fi ìlú wa sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, tí à ń retí ọ̀rẹ́ àti olólùfẹ́ níbi ìnáwó ńlá, tí à ń ra aṣọ ẹbí lóríṣiríṣi, tí a sì ń dá padà sílé lẹ́yìn tí onílù bá ti kó ìlù rẹ̀.

Kétu ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi tètè kú, ìyá mi nìkan ló tọ́ àwa mẹ́rin. Òfin kan wà tí kì í yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀: ọmọ òun kò gbọdọ̀ gbé abọ́ wọ ilé onílé. Bí iyọ̀ bá tán, a ó jẹ ọbẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. N kò bá a wí. Lọ́dún tí bàbá wa kú, àwọn kan nínú ẹbí fún un ní àgbàdo, wọ́n sì fi àgbàdo yẹn kọrin mọ́ ọn títí ọdún fi yípo. Ìyá tó ti jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rí, kò lè fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tọ́ ọ wò.

Ẹni tó bá mọ Kétu á mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà odi ìlú àtijọ́. Àwọn baba wa mọ odi yí ìlú ká, wọ́n gbẹ́ yàrà sí i lẹ́yìn. Síbẹ̀, ní 1886, ogun Dàhòmì kó ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ohun tí mo máa ń rò nínú ìtàn yẹn ni ti ebi. Nígbà tí ọ̀tá dó ti ìlú, ebi ń pa àwọn tó wà nínú. Odi tó ń dá ọmọ ogun dúró náà ló ń dá oúnjẹ dúró. Mo gbé odi tèmi kúrò ní Kétu lọ́dún 2011, mo gbé e gba Pobẹ̀, mo gbé e gba Ṣakẹ́tẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ mi lórí tákísì, mo sì tò ó yí yàrá kan ká nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́.

Àgbàlá oníyàrá mẹ́fà ni, kànga kan la sì ń lò. Gbogbo wa ń kíra wa. N kò fi ìkíni dù ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kí èèyàn tán, mo ti wọlé.

Nínú oṣù kẹfà ọdún 2014, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá kan bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán. Iná lọ. Aṣọ òkú mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ mi, àwọn tó ni ín sì ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ mi, kò nílò iná, àmọ́ ojú mi nílò àtùpà. Mo na ọwọ́ sí ìṣáná, omi ti ń kán sí i láti orí páànù, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Páálí kejì wà lábẹ́ rẹ̀, òun náà ti rẹ. Fóònù mi ti kú. Mo dúró nínú òkùnkùn, mo ń gbọ́ ẹ̀rín láti yàrá Ìyá Ìbejì ní òdìkejì àgbàlá.

Mo ń sọ òtítọ́ fún yín, ó tó ìdajì wákàtí tí mo fi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Ohùn ìyá mi ló dá mi dúró. Aṣọ òkú ẹni ẹlẹ́ni ló tì mí jáde.

Ègùn ni Ìyá Ìbejì, ọkọ rẹ̀ jẹ́ ará Ṣakẹ́tẹ́, Yorùbá sì dá ṣáṣá lẹ́nu rẹ̀. Àkàsà ló ń tà. Dàdá ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lóbìnrin níhìn-ín.

"Dàdá, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, òjò ló ba ìṣáná mi jẹ́. Ẹ fún mi ní ẹyọ kan péré."

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Aránṣọ, ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń retí kí nǹkan tán nílé ẹ."

Ó gbé odindi páálí fún mi, ó bá mi tan àtùpà mi. Mo dúpẹ́, mo yí padà. Ó ní, "Ṣé iná lo wá fọ́n ni? Jókòó." Bẹ́ẹ̀, iná gan-an ni mo wá fọ́n. Ẹ̀rín pa àwa méjèèjì. Mo bá jókòó.

Àwọn ìbejì ti sùn lórí ẹní. Ó ń fi ewé pọ́n àkàsà tó máa tà láàárọ̀, mo sì ní kó jẹ́ kí n bá a pọ́n. Ó tú èyí tí mo kọ́kọ́ pọ́n, ó tú ìkejì, ó di ọwọ́ mi mú, ó fi bí a ṣe ń ṣẹ́ etí ewé hàn mí. Ó bi mí léèrè nípa Kétu. N kò ráńtí ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní nǹkan kan kẹ́yìn tí kì í ṣe iye tí mo ń rán búbá. Nígbà tí àkàsà tán, ó tẹ̀ lé mi wá sí yàrá mi, ó jókòó ti àtùpà, ó ń bá mi gán bọ́tìnnì títí àkùkọ fi kọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sí mi gan-an nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó fọ ojú, mo sáré lọ ra páálí ìṣáná tuntun, mo gbé e lọ fún un. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tí mo bú. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ ká parí ẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi di òní. Ohun tí mò ń ṣe láti ọdún mẹ́ta nìyẹn: mò ń bá gbogbo èèyàn parí ẹ̀. Mo san owó, mo gba ọjà, kò ku nǹkan kan láàárín èmi àti ẹni náà tó lè mú un padà wá.

Mo gbé ìṣáná mi padà sílé. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó fi abọ́ kan gbé ẹ̀wà ránṣẹ́ sí mi. A kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo, ìyá mi náà kọ́ wa ní ìyẹn. Mo dúró di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi àjákù aṣọ rán fìlà méjì tó bá orí àwọn ìbejì mu, mo kó wọn sínú abọ́ náà. Ó gba fìlà, ó sì dá abọ́ padà pẹ̀lú ẹja. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ẹ̀rọ mi dẹnu kọlẹ̀. Ọkùnrin tó wá tún un ṣe kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Kí ó tó fọwọ́ kan òróró, ó kó aṣọ àwọn oníbàárà mi kúrò lórí tábìlì, ó ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ̀ lé ojú ìká tí mo ti ká wọn sí. Mo rí ìyẹn. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1.850 sẹ́fà, mo fún un ní 2.000, kò sì ní ṣéńjì. Èmi àtijọ́ ì bá ti sáré kiri gbogbo àdúgbò títí n ó fi rí 150 yẹn. Mo ní, "Ẹ mú un bọ̀ lọ́la."

Ó mú 125 wá lọ́la. Lọ́túnla, ó mú 25 tó kù wá, ó fi ẹ̀pà yíyan díẹ̀ lé e nítorí ó ti pẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, kò sí gbèsè mọ́, ṣùgbọ́n etí mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó yà wá béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì ní kó jókòó. A ṣe ìgbéyàwó ní 2016.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹnì kan wà tí a jọ ń dá àjọ, ó yá 60.000 lọ́wọ́ mi, n kò rí i mọ́. Owó ńlá, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni nǹkan tí kò ní dun ẹni tó yọ̀ǹda rẹ̀ bí kò bá tilẹ̀ padà: iyọ̀, iná, abẹ́rẹ́, kí èèyàn bá ẹ wo ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá sì fi iyọ̀ rẹ̀ kọrin mọ́ yín bí wọ́n ṣe kọrin àgbàdo mọ́ ìyá mi, ẹ máa kí i nìṣó, àmọ́ ẹ má tọrọ mọ́.

Kò tiẹ̀ dìgbà tó bá jẹ́ ohun tí a lè fọwọ́ mú. Ìbéèrè náà tó. Bàbá kan ń tún bàtà ṣe lọ́nà Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọjá níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló dé tí mọ́sálásí yẹn fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé bàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ fún mi nípa àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wálé, pé bí wọ́n ṣe rí i tí wọ́n ń kọ́ ilé Ọlọ́run lọ́hùn-ún ni wọ́n ṣe kọ́ ọ níhìn-ín, láti 1912 lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí n kò bá gba ọ̀nà yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó máa ń rán ẹni tó ń ta ẹja sí mi pé ṣé ara mi le.

Ohun mìíràn tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n má fi ìkíni kan ṣoṣo kí gbogbo èèyàn. Èdè wa fún wa láyè: ẹ kú òjò, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọmọ. Àwọn Ègùn náà ń sọ kúàbọ̀ bíi tiwa. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín lánàá pé ọmọ òun ń ṣe ìdánwò, ẹ béèrè ìdánwò lónìí, kí ẹ tó béèrè iye tó ń ta tòmátì. Ẹ rí i dájú pé ẹ dúró gbọ́ èsì.

Lọ́dún 2019, mo sọ gbogbo èyí fún ìyá mi ní Kétu. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní kí n lọ bá òun tọrọ ata díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó wà lẹ́yìn ilé. Ata wà nílé. Mo rí i nínú agbọ̀n. Mo lọ tọrọ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ti kó lọ sí Ṣakẹ́tẹ́ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ báyìí. Abọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, asẹ́ mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó pè mí pé òun ń bọ̀ wá gba abọ́ òun. Mo ní kó ní sùúrù, n kò tíì rí ohun tí màá fi sínú rẹ̀.