Orúnkún ọmọ mi

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orúnkún ọmọ mi wú, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ìrora ti bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀. Màmá mi ní làkúrègbé ni, wọ́n ń fi òrí pa á.

Ní ilé ìwòsàn ní Kubwa, l'Ábùjá, dókítà bi mí: "Ẹ̀yin màmá, ṣé ọ̀nà ọ̀fun ò dùn ún láìpẹ́ yìí?"

Ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn! Omi iyọ̀ nìkan ni mo fún un láti fi fọ ẹnu.

Dókítà ní Streptococcus ni kòkòrò tó fa ọ̀fun dídùn yẹn. Ọmọ ogun ara tó ń bá a jà ló ṣìnà, tó kọjú sí oríkèé. Rheumatic fever ni wọ́n ń pe àìsàn yìí; ó lè dé ọkàn. A bí i mọ́ àwọn kan pé kí àìsàn yìí tètè mú wọn: ọ̀fun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà dùn ún, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì ló kù, lọ́sẹ̀ 4-4, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo ọ̀fun ọmọ.