Ohun Tí Eyín Àgbọ̀nrín Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ ẹranko igbó, ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín onírù funfun ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìwo ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ṣọ́ọ̀bù alápatà la máa ń lọ lásìkò ọdẹ, láti yẹ orí ẹran wò. Ọmọkùnrin kan àti bàbá rẹ̀ gbé akọ kan dé, ìwo rẹ̀ rí ṣóńṣó, kò lẹ́ka. Mo ní, "Irú èyí ò dáa." Inú ọmọ náà bàjẹ́. Ọ̀gá mi fi irin la ẹnu ẹran náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní kí n wo eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ kẹta. Eyín ọmọdé ni, alápá mẹ́ta, ó ti jẹ tán. Tuntun alápá méjì ń tì í bọ̀ lábẹ́. Ẹran náà ò ju ọdún kan àbọ̀ lọ. Bóyá ìyá rẹ̀ pẹ́ bí i, bóyá oúnjẹ ò tó. Ọdọọdún ni ìwo àgbọ̀nrín ń já bọ́ tí òmíràn ń hù, ó sì ń tó ọdún márùn-ún sí méje kó tó tóbi débi tó lè tóbi dé.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin ní 2002 pé kí ọdẹ má pa akọ tí ìwo rẹ̀ ò bá ní ẹ̀ka mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mẹ́rin lápá ìwọ̀-oòrùn. Nígbà yẹn, púpọ̀ jù lọ nínú akọ tí wọ́n ń pa ni kò ju ọdún kan àbọ̀ lọ; lónìí, èyí tó ju ìdajì lọ ti pé méjì àbọ̀, ó kéré tán. Wọ́n yọ àwọn ọdẹ ọmọdé sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá jókòó sínú òtútù títí, tí ò rí nǹkan kan gbé lọ sílé, ó lè má padà wá mọ́.

Ti abo ló le jù. Abo tó bá jẹun kánú, ìbejì ló sábà máa ń bí. Bí a ò bá pa nínú wọn, wọn á jẹ gbogbo ọmọ igi tí ẹnu wọn bá tó, ebi á wá pa akọ tá a ní ká dá sí. Ṣùgbọ́n bàbá àwọn ọdẹ yìí kọ́ wọn pé a kì í pa abo, torí nígbà tí ọdún 1900 fi máa wọlé, àgbọ̀nrín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Ẹ má pè é ní àìmọ̀kan; dídá abo sí wà lára ohun tó mú ẹran padà wá. Gary Alt, tó darí ètò àgbọ̀nrín Pennsylvania nígbà tí wọ́n ṣòfin 2002 yẹn, kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn kó lè ṣàlàyé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ bínú sí i. Níbi tí igbó bá ti ń sọjí, ẹ tètè dín ìwé àṣẹ tí ọdẹ fi ń pa abo kù, kí ọdẹ tó máa wọ igbó lásán.

Bí mo bá ń lọ bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni mo máa ń kó dání: ti ọlọ́dún kan àbọ̀, ti ọlọ́dún méjì àbọ̀, àti ti àgbà tí eyín rẹ̀ ti jẹ pẹlẹbẹ. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n gbé e yíká, kí oníkálùkù fọwọ́ kàn án, kí n tó la ẹnu.