Ẹ̀rọ kọfí méjì tí ọdún 1961 bí ní Milan

Èrò Milan kì í jókòó ti kọfí. Wọ́n á yà sí báà, wọ́n á dúró ti káńtà, wọ́n á da ìwọ̀nba tó wà nínú ife kékeré yẹn sọ́nà ọ̀fun, ó di ẹnu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tí mo dé sọ́dọ̀ wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ níbẹ̀, ti kìlọ̀ fún mi: "Bí o bá ti jókòó, o ti sanwó àga mọ́ ọn nìyẹn."

Àwọn náà ló ní kí n lọ wo MUMAC, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ̀rọ kọfí, ní Binasco, lójú ọ̀nà Pavia. Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Famagosta. Ẹ̀rọ kọfí nìkan ni wọ́n kó jọ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Cimbali, tó ń ṣe ẹ̀rọ kọfí, ló ṣí i ní 2012, nígbà tí wọ́n pé ọdún 100.

Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ wọn rí gbọọrọ, idẹ àti bàbà ń kọ mànà, ẹyẹ idì sì bà lé òmíràn lórí. Luigi Bezzera ló gba ìwé àṣẹ lórí irú wọn ní 1901. Desiderio Pavoni ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá La Pavoni sílẹ̀ ní Milan ní 1905. Ooru omi nìkan ló ń ti omi gba inú kọfí kọjá nígbà náà, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìfófó aláwọ̀ wúrà tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ espresso, kọfí inú ife kékeré yẹn, ọ̀pá onísípíríǹgì tí ọlọ́jà ń fi ọwọ́ fà, tí Achille Gaggia gbé dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló mú un wá.

Iwájú Faema E61 ni mo pẹ́ sí jù. Ọdún 1961 ló jáde, ọdún tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ ní Ítálì; ibẹ̀ ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ, E dúró fún "eclissi", bí wọ́n ṣe ń pè é lédè Ítálì. Pọ́ńpù oníná ló ń ti omi inú rẹ̀, apá ọlọ́jà sinmi. Ọdún yẹn kan náà ni La Pavoni gbé Europiccola jáde fún inú ilé: kò sí pọ́ńpù, kò tilẹ̀ sí sípíríǹgì, ọ̀pá lásán ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà, wọ́n wá gbé e lé onílé lọ́wọ́! Ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ní Europiccola kan. Lálẹ́, wọ́n bu omi sí i, wọ́n dé e pinpin, wọ́n ti iná bọ̀ ọ́. Wọ́n lọ kọfí kúnná, wọ́n kì í mọ́lẹ̀.

"Àbúrò, má kánjú. Gbé ọ̀pá sókè, dúró, jẹ́ kí omi rin ín."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ rọ̀, ó wá le lábẹ́ ọwọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn ń fa omi kànga alọ́pàá. Ó ń kán tó, tó, kó tó wá ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, ìfófó sì bo ojú ife. Bí kọfí kò bá kúnná tó, ọ̀pá á kàn já wálẹ̀ ni. Bó bá kúnná jù, wàá làágùn. Apá rẹ lòṣùwọ̀n. Orí irin rẹ̀, ibi tí omi ń gbà bọ́ sínú kọfí, sì máa ń gbóná sí i bí èèyàn bá ń po ife tẹ̀ lé ife, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rọ àlejò púpọ̀.

Àǹtí, ìyàwó wọn, ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ alábọ́tìnì ni tiwọn. Wọ́n ní àwọn ò lè máa bá kọfí jìjàkadì láàárọ̀ kùtùkùtù.