Ibi tó yẹ kí àlejò ọjọ́ méjì sùn sí ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó fẹ́ lo oṣù kan ní Abẹ́òkúta lè sùn síbikíbi tó bá wù ú. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tó sì ń padà lọ́jọ́ Àìkú, kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá sùn ló máa pinnu bí yóò ṣe rí ìlú náà tó. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá ni ọkọ mi, ilé bàbá rẹ̀ sì wà ní Ìjẹmọ̀. Láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó ilé wọn ni àwọn ọ̀rẹ́ mi, àwọn àbúrò mi àti àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ti ń pè mí pé àwọn fẹ́ wá gun àpáta Olúmọ, níbo ni kí àwọn gba yàrá sí? Mo ti sin ọ̀pọ̀ nínú wọn káàkiri ìlú, mo sì ti rí i pé ẹni tó sùn nítòsí àti ẹni tó sùn lókèèrè kì í ròyìn ìlú kan náà nígbà tí wọ́n bá délé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí fóònù, wọ́n á wo àwòrán ibùsùn, wọ́n á wo iye owó, wọ́n á sì sanwó. Àwòrán ibùsùn kì í sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Yàrá tó dára gan-an lè wà ní Ọbáńtokò, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, kí àlejò sì wá máa bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ jà láràárọ̀ láti Àṣerò dé Àdàtán kó tó fojú kan ohun tó torí ẹ̀ wá. Kò sí ohun tó burú ní Ọbáńtokò o. Ẹni tó bá ní nǹkan ṣe ní yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Alabata, apá ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà. Ẹni tó wá wo Olúmọ, ààfin Aké àti ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú láàárín ọjọ́ méjì ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìlú náà ṣe tò, torí ìtàn rẹ̀ ló tò ó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú nílé wá sá sábẹ́ Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan tó dé ló tẹ̀dó sí àyè tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀: Ìkìjà, Ìjẹmọ̀, Ìtòkú, Kẹ́ńtà, Ìgbẹ̀in. Ìdí nìyẹn tí Abẹ́òkúta fi ní ju ọba kan lọ títí di òní, Aláké ní Aké, Ọ̀ṣilẹ̀ ní Òkè-Ọnà, Àgùrá ní Gbágùrá, Olówu ní Òwu. Ìbẹ̀rù ogun ló kó wọn jọ, nítorí náà ilé fara ti ilé, ọ̀nà sì ń yí gba àárín àpáta. Ilẹ̀ tí èèyàn lè fi kọ́ òtẹ́ẹ̀lì tó ní ọgbà àti ibi ìgbọ́kọ̀sí kò pọ̀ níbẹ̀. Ìbarà, níbi tí Olúbarà ti ń jọba, ni ìjọba wá ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ sí fún ilé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn GRA. Ìgbà tí wọ́n sì dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, tí Abẹ́òkúta di olú-ìlú, ìlú tún fẹ̀ sí i, ilé ìtura sì ń pọ̀ sí i ní Òkè-Ìlèwó, Kútọ̀, Pánsẹ́kẹ́ àti Oníkólòbó.

Èrò tèmi ni pé kí àlejò ọjọ́ méjì wá yàrá láàárín Kútọ̀, Ìsàbọ̀ àti Òkè-Ìlèwó. Òtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n àti fún ẹni tó fẹ́ ṣe fàájì. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá tàbí ọ̀kadà tó ń lọ sí Sàpọ́n, ní àárín ìlú, kì í wọ́n, ó sì wà láti ìdájí. Gáréèjì Kútọ̀ wà nítòsí fún ọjọ́ tí ẹ máa lọ. Ìbarà GRA dákẹ́ rọ́rọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ á rìn gan-an kó tó jáde sí títì, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, kò rọrùn láti rí nǹkan wọ̀ padà.

Ẹ tún wo ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọ ìlú. Ọkọ̀ tó bá gba Sàngó-Ọ̀tà, Ifọ̀ àti Ewékorò wá láti Èkó, apá Ìta-Òṣìn àti Láfẹ́nwá ló máa gbà wọlé, á sì ré odò Ògùn kọjá kó tó dé àárín ìlú. Èyí tó bá gba ọ̀nà Ṣàgámù, apá Òkè-Mosàn ló máa yọ sí. Reluwé tuntun tó ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti 2021 kì í dúró ní ibùdókọ̀ àtijọ́ ní Láfẹ́nwá. Láderin ló ń já èèyàn sí, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí àwọn tó bá gbọ́ pé reluwé dé Abẹ́òkúta máa ń rò pé àwọn á sọ̀ kalẹ̀ ní ìdí Olúmọ. Láti Láderin, ẹ ó tún wọ mọ́tò. Ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó jókòó sínú takisí, kí ẹ sì dárúkọ àdúgbò tí ẹ ń lọ, kì í ṣe orúkọ òtẹ́ẹ̀lì nìkan, torí awakọ̀ lè má mọ òtẹ́ẹ̀lì náà.

Ọ̀rọ̀ tó wá le jù lọ fún àwa Yorùbá ni ti ilé ẹbí. Ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí ọmọ àbúrò bàbá kan ní Abẹ́òkúta? Bí wọ́n bá sì gbọ́ pé ẹ wá, tí ẹ lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gba yàrá fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, ìyá ọkọ mi pè mí jókòó.

"Ìyàwó, ṣé ilé wa ò gba àlejò yín ni?"

"Ó gbà wọ́n, Màmá. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ní, mi ò fẹ́ kí wọ́n dà yín láàmú."

Màmá kò fèsì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó wọn wá kí i nírọ̀lẹ́, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n kúnlẹ̀, tí wọ́n gbé búrẹ́dì àti èso tí wọ́n rà dání, ọ̀rọ̀ náà tán nílẹ̀. Mo dúró lórí èrò mi: nínú ìrìn kúkúrú, ẹ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ lọ kí ẹbí. Bí ẹ bá sùn sílé ẹbí, ẹ ò lè jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ láìkí gbogbo àgbà ilé, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ jáde láìjẹun. Oúnjẹ náà á dùn, ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá á ti lù. Àwọn náà á sì máa náwó tí wọn ò ní lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Ẹ ṣáà pè wọ́n kí ẹ tó dé, kó má jẹ́ pé lẹ́nu ẹlòmíì ni wọ́n ti gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ dé ló dáa jù fún ìkíni, torí kò sí ohun tí ẹ tún lè rí lọ́jọ́ náà mọ́.

Kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì lórí fóònù, ẹ má fi mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi wọ́n ní aago tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ àti aago tí wọ́n ń pa á. Bí wọ́n bá dáhùn pé "iná wà dáadáa", ẹ tún un bi. Ẹ bi wọ́n bóyá omi ń yọ ní yàrá òkè. Ẹ bi wọ́n bóyá gbọ̀ngàn àríyá wà nínú ọgbà wọn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, torí ọjọ́ Sátidé ní Abẹ́òkúta, ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni, ìlù sì lè má dákẹ́ títí di ọ̀gànjọ́. Àwọn tó wá sóde kan náà yìí ló ń gba yàrá tán. Ẹni tó bá lè wá láàárín ọ̀sẹ̀ á sùn dáadáa, owó yàrá sì lè dín. Àsìkò ọdún Lísàbí tún le ju Sátidé lọ, torí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ń wálé láti ibi gbogbo. Ẹ ti gba yàrá sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ tàbí kí ẹ yẹ àsìkò náà.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ bá mi gbọ́ èyí dáadáa. Ilẹ̀ Orò ni ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹ bi ẹni tó ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì bóyá Orò máa jáde ní àdúgbò náà tàbí níbi tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì mọ aago rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n máa ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ará àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, wọn kì í sì í fi pamọ́ fún ẹni tó bá béèrè.

Àwọn kan wà tí mi ò ní ní kí wọ́n sùn sí Kútọ̀. Bí ẹ bá kó ọmọ kéékèèké wá, tàbí ẹ mú òbí tí orúnkún ń dùn dání, ẹ wo Òkè-Mosàn, níbi tí ilé ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà. Wọ́n ṣí i ní 2017, ilé ìtura, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi tí àwọn ọmọdé ti lè wo ẹranko sì wà nínú ọgbà kan náà. Ọmọdé á ṣeré, àgbà á jókòó síbi tí atẹ́gùn wà, ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín le á sì wọ ọkọ̀ lọ sí Olúmọ. Ó jìnnà sí ìlú àtijọ́, ṣùgbọ́n fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ó tọ́.

Fún àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí sísùn nítòsí máa fún yín. Ẹ ó lè dé ẹsẹ̀ Olúmọ ní kété tí wọ́n bá ṣí géètì, kí oòrùn tó mú àpáta náà gbóná. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ló dùn jù. Ẹ ó rí ihò tí àwọn èèyàn sá sí nígbà ogun, àti ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ lára àpáta. Ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ronú pé obìnrin kan kúnlẹ̀ níbẹ̀ tó ń lọ àgbàdo fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọ̀tá ń wá wọn. Bí ẹ bá dókè, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ló máa kún ojú yín, àti odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ará Èkó tó jí kúrò nílé láàárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, oòrùn sì ti ń ta.

Láti ibẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìtòkú fún àdìrẹ. Ẹni tó bá tètè dé ọjà ló ń rí àyè bá ìyá aládìrẹ sọ̀rọ̀; ní ọ̀sán, èrò ti pọ̀ jù. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹlẹ́kọ hàn yín àti oníko, kí ẹ rí ìyàtọ̀ láàárín èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àti èyí tí wọ́n fi ìko so. Lẹ́yìn náà ẹ gba Aké, ẹ wo ààfin Aláké àti ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì Henry Townsend àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Townsend kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní ìlú yìí ní 1859. Ẹnu ààfin yìí náà ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọjà kóra jọ sí nítorí owó orí, tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ wá láfún àti ewédú jẹ. Ẹ lè gbé aṣọ tí ẹ rà padà sí yàrá, kí ẹ wẹ̀, kí ẹ sùn díẹ̀, kí ẹ tún jáde nírọ̀lẹ́. Ẹni tó sùn sókèèrè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Á gbé ẹrù kiri títí di alẹ́ ni.

Ní ọjọ́ tí ẹ máa lọ, ẹ bi àwọn òtẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀ bóyá ẹ lè fi báàgì sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa gbà. Bí Kútọ̀ tàbí Ìsàbọ̀ lẹ bá wà, ẹ ṣì lè padà lọ sí Ìtòkú lọ gba aṣọ tí ẹ ní kí wọ́n ṣe etí rẹ̀, kí ẹ tó gbé báàgì yín lọ sí gáréèjì.