Eegun Kì í Rojọ́: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Lára Dáínósọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka jiọ́lọ́jì (ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta), adìyẹ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ wa gbé fún wa nígbà tí a dé orí dáínósọ̀, àwọn ẹranko ayé àtijọ́. Ó ní ká sè é, ká jẹ ẹran rẹ̀, ká wá to eegun rẹ̀ padà bó ṣe wà. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹran tí mo ti ń jẹ láti kékeré! Mo tò ó tán, eegun kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, èyí tó yà bí igi kànnàkànnà. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo bá fi há ìdí adìyẹ. Àyà ló ń gbé. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣẹlẹ́yà títí, àmọ́ olùkọ́ wa ní irú eegun yẹn gan-an wà láyà Tyrannosaurus, dáínósọ̀ ńlá tó ń pa ẹran jẹ.

Èmi kọ́ ni àkọ́kọ́. Gideon Mantell, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ dáínósọ̀ Iguanodon lórúkọ ní 1825, rí eegun ṣóńṣó kan, ó sì gbé e ka imú ẹranko náà bí ìwo. Ó di 1878 kí àwọn awakùsà èédú ní Bernissart, ní Bẹ́ljíọ̀mù, tó kan odindi egungun rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Àtàǹpàkò ni ohun tí wọ́n pè ní ìwo!

Ti dáínósọ̀ tó ń jẹ́ Oviraptor ló ń dùn mí jù. Ní 1923, wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí ẹyin ní aṣálẹ̀ Gobi, ní Mòǹgólíà. Wọ́n ti gbà pé Protoceratops, dáínósọ̀ mìíràn, ló yé ẹyin náà, nítorí náà kí ni tọ̀hún ń wá níbẹ̀? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Henry Fairfield Osborn, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà nípa ẹranko ayé àtijọ́, sọ ọ́ ní Oviraptor, ìyẹn olè ẹyin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé orúkọ náà lè ṣini lọ́nà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ti òkú tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀ wá ńkọ́? Ní 1993, wọ́n rí irú ẹyin bẹ́ẹ̀ tòun tọmọ nínú. Ọmọ ìdílé Oviraptor ni. Wọ́n sì ti rí àwọn ìbátan rẹ̀ tó kú sórí ìtẹ́, tí wọ́n na apá bo ẹyin wọn. Òbí tó ń sàba ni (àwọn kan tilẹ̀ ní bàbá ni). Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá kọ́kọ́ sọ ẹranko ló ń jẹ́ lábẹ́ òfin iṣẹ́ wa, a kì í sì í pa á rẹ́ torí pé kò bá a mu.

Láti ìgbà yẹn, ojú ewé méjì ni mo máa ń ṣí nínú ìwé mi tí mo bá lọ síbi àpáta. Ohun tí ojú mi rí wà lápá òsì, pẹ̀lú àwòrán, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ohun tí mo rò wà lápá ọ̀tún, pẹ́ńsùlù ni mo sì fi ń kọ ọ́.

Òkúta ojú ọ̀run tó já lu Chicxulub, ní Mẹ́síkò, ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 66 sẹ́yìn, kò pa gbogbo dáínósọ̀ tán. Àwọn ẹyẹ ṣẹ́kù. Ọ̀kan ń sàba lẹ́yìnkùlé ìyá mi báyìí. Mo nawọ́ sí i lánàá kí n lè wo bó ṣe tẹ́ apá lé ẹyin. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣá mi lọ́wọ́.