Bí mo ṣe fi díìsìkì rọ́pò dúrọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ iwájú píkọ́ọ̀pù mi

Ọdún 1969 ni wọ́n ṣe píkọ́ọ̀pù Chevrolet C10 tí mò ń wà kiri ìlú Houston, bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù ni ó sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí mo rà á. Bí òjò bá ti rọ̀, tí omi gba ojú títì gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìlú yìí, tí mo sì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà a kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, lẹ́yìn náà ni yóò ṣàdédé fà mí sọ́wọ́ òsì. Ìyàwó mi ní òun kò ní bá mi wọ̀ ọ́ mọ́, kò sì jẹ̀bi. Ibi tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti máa ń gbé igi dání láti fi ti táyà lórí òkè ni mo dàgbà sí, n kò sì fẹ́ kí èmi náà máa wá ẹni tí yóò gbé igi fún mi.

Kì í ṣe pé dúrọ́ọ̀mù kò wúlò. Bí a bá tẹ bíréèkì, ṣúù méjì, ìyẹn irin títẹ̀ tí a lẹ ohun tó ń há mọ́, tó wà nínú agbada irin náà yóò là síta, wọn yóò sì fún mọ́ ọn. Bí irin náà ṣe ń yí ni yóò tún máa wọ́ ṣúù mọ́ra, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba agbára ẹsẹ̀ ló ń gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná, irin náà a fẹ̀, a sì jìnnà sí ṣúù, omi tó bá sì wọ inú rẹ̀ kì í tètè jáde. Ti díìsìkì yàtọ̀: gbangba ni ó wà, kálípà, ìyẹn irin tó gùn ún bí ẹ̀mú, a sì fi páàdì méjì há a mọ́ àárín bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mú àwo. Ohun tí kò ní ni ìrànlọ́wọ́ tí dúrọ́ọ̀mù ń ṣe fún ara rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi so hydrovac, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ti ẹsẹ̀ bí a bá tẹ bíréèkì, mọ́ ọn, kí ẹsẹ̀ mi má baà máa ro mí.

Ní 1971 ni díìsìkì iwájú di ti gbogbo píkọ́ọ̀pù wọ̀nyí láti ilé iṣẹ́ wá, mo sì rí ẹsẹ̀ iwájú ti 1972 kan rà níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọdún 1971 yẹn náà ni wọ́n dín nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ C10 kù láti mẹ́fà sí márùn-ún. Bí mo bá lò ó bẹ́ẹ̀, iwájú yóò jẹ́ márùn-ún, ẹ̀yìn yóò jẹ́ mẹ́fà, kò sì sí táyà ìpààrọ̀ kan tí yóò bá méjèèjì mu. Díìsìkì onínọ́ọ̀tì mẹ́fà tí wọ́n ṣe fún irú àtúnṣe yìí ni mo wá rà. Eruku tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù àtijọ́, omi ni mo fi rin ín kí n tó nù ún, nítorí pé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú ṣúù ayé ìgbà yẹn. Ẹ má ṣe fẹ́ ẹ.

Ibi tí iṣẹ́ yìí gbé le kì í ṣe ara ẹsẹ̀ ọkọ̀, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni. Láti ọkọ̀ ọdún 1967 ni wọ́n ti pín másítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, sí yàrá méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣe tèmi fún: fáàfù kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí gbogbo agbára ọ́ìlì padà, agbára díẹ̀, nǹkan bíi psi 10, a sì máa kù sínú páìpù. Sípíríǹgì ń fa ṣúù padà nínú dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn kò pa á lára. Páàdì kò ní irú rẹ̀, yóò kàn máa fara ha díìsìkì láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni. Mo ra másítà mìíràn tí yàrá iwájú rẹ̀ gba ọ́ìlì púpọ̀, nítorí pé bí páàdì bá ṣe ń jẹ ni ọ́ìlì yóò máa sọ̀ kalẹ̀ wọ kálípà. Mo wá de fáàfù oníṣẹ́ méjì mọ́ páìpù. Ó ń dá iwájú dúró díẹ̀ kí ṣúù ẹ̀yìn lè kọ́kọ́ borí sípíríǹgì rẹ̀. Bí èèyàn bá sì tẹ bíréèkì gidigidi, ó ń dín ti ẹ̀yìn kù. Píkọ́ọ̀pù tí kò rẹrù, ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́ bí ewé. Bí a kò bá dín in kù, táyà ẹ̀yìn yóò gan, ìdí ọkọ̀ yóò sì fẹ́ yí wá síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ ta díìsìkì fún yín tí kò mẹ́nu ba fáàfù yìí, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àṣìṣe tèmi kéré, ó sì gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi. A dé ibi fífa afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ́ìlì bíréèkì, àbúrò ìyàwó mi wà lórí àga awakọ̀, èmi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń ké pé, “Tẹ̀ ẹ́! Tún tẹ̀ ẹ́! Dì í mú!” A bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn tó jìnnà sí másítà jù, a sì parí rẹ̀ sí òsì iwájú, síbẹ̀ ńṣe ni ẹsẹ̀ bíréèkì ń rì bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ búrẹ́dì tuntun. A lo ìgò ọ́ìlì mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí nípù tí ẹ̀ ń tú yẹn fi wà nísàlẹ̀?” Nípù ni ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, òkè kálípà ló sì yẹ kó wà. Mo ti gbé kálípà ọ̀tún sí òsì, mo gbé ti òsì sí ọ̀tún. Ọ́ìlì ń jáde nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ jókòó sókè nínú kálípà, kò sì sí bí a ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tó tí yóò fi jáde. Bí a ṣe pààrọ̀ wọn, ìṣẹ́jú ogún ni ẹsẹ̀ bíréèkì fi le.

Kí páàdì lè bá díìsìkì mọ́ra, mo wa ọkọ̀ náà lọ sí títì tó dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ń sáré dé máìlì 30 ní wákàtí kan, mo ń rọra dúró, mo sì ń jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ kí n tó tún ṣe é, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìgbà. Ó ń dúró gbọọrọ, kò fà sí apá kankan mọ́. Mo fi dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sílẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni okùn bíréèkì ọwọ́ so mọ́. Ọ́ìlì tó ta sára ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti bó ọ̀dà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ní ẹ̀gbẹ́ iná òsì. Mi ò tíì kùn ún.