Àpáàdì nínú fíltà ẹja: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀, táńkì tí mo ń sin ẹja sí yìí gùn tó 60 cm, ìbú ẹ̀ 30, gíga ẹ̀ 35, ó lè gba bíi lítà 60 omi kẹ́ ẹ tó yọ ti iyanrìn àti òkúta tó wà nísàlẹ̀ kúrò. Ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní guppy ló pọ̀ jù níbẹ̀, irú kejì, molly, wà díẹ̀, guppy ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ fètò sọ́mọ bíbí, ni fíltà kékeré tó ń sẹ́ omi níbẹ̀ látilẹ̀ ò bá gbé e mọ́. Mo lọ wo ríìngì seramíìkì, èyí tí wọ́n ń kó sínú fíltà kí bakitéríà lè máa gbé ibẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pè é lówó, mo ní ẹ ṣé, mo jáde.

Ohun tí mò ń kọ́ báyìí ò le rárá. Ike oúnjẹ onídèrí kan ni, mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i lára nísàlẹ̀ yíká, mo ki páìpù PVC bọ àárín ẹ̀ látorí ìdérí, rọ́bà pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ wá wọ inú páìpù yẹn lọ sísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń hó gòkè nínú páìpù lá máa fa omi lẹ́yìn, omi táńkì á wá máa gba inú ihò wọlé, á gba àárín ohun tẹ́ ẹ bá kó síbẹ̀ kọjá. Mi ò lo pọ́ǹpù omi torí ọ̀rọ̀ iná, tí wọ́n bá mú iná lọ, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì kékeré lè gbà á ṣe.

Kí la wá fẹ́ kó sínú ike? Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán ló ń di ammonia, ìyẹn sì ń pa ẹja. Bakitéríà kan wà tó ń sọ ammonia di nitrite, nitrite náà ṣì jẹ́ májèlé, òmíràn á wá sọ ọ́ di nitrate, ìyẹn ò le tó méjì àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ á máa bá a lọ. Àwọn bakitéríà yìí, ibi tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ àti afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n ń wá, wọn ò bèèrè bóyá Jámánì lẹ ti kó o wá.

Ni mo bá gba ọjà lọ, ọ̀dọ̀ màmá kan tó ń ta ìkòkò. Mo ní ṣé wọ́n ní èyí tó ti fọ́. Wọ́n wò mí tìtì, “Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fẹ́ fi àpáàdì ṣe? Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ lọ gbé ẹbọ?” Mo ní ẹja ni mo fẹ́ fi tọ́jú mà, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn, wọ́n sì ní kí n máa kó o lọ.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àpáàdì rèé: ẹ wo àmù ilé àwọn ìyá wa, ṣé ẹ rí bó ṣe máa ń làágùn lára tí omi inú ẹ̀ á sì tutù? Amọ̀ yẹn ní ihò wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí, ìyẹn ni omi ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni bakitéríà á rí lẹ̀ mọ́. Mo kó àpáàdì náà sínú àpò, mo fi òòlù fọ́ ọ títí tó fi tó bí orí àtàǹpàkò, mo ṣàn án títí omi ẹ̀ fi mọ́, ó pẹ́ díẹ̀ sha, eruku ẹ̀ ò tán bọ̀rọ̀. Ojú ibi tó ti fọ́ yẹn ló dára jù, torí ara ìkòkò lóde lè ti ń dán. Ní Ìlọrin fún àpẹẹrẹ, wọ́n máa ń da omi tí wọ́n fi èèpo irú sè sí ìkòkò lára nígbà tó ṣì gbóná látinú iná kó lè dán. Ìkòkò tí wọ́n ti fi se ọbẹ̀ rí, ẹ má fọwọ́ kàn án o, òróró àti iyọ̀ ti mu ún dénú.

Mo dán ìkarahun ìgbín náà wò. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára, lójú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìì, mo fún un sí àpáàdì, kò mira. Èyí tó hó yẹn, kálísíọ̀mù wà nínú ẹ̀, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, omi á sì le sí i. Guppy àti molly fẹ́ràn omi tó le, torí náà mo ju ìwọ̀nba síbẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹja bíi tetra tí kì í fẹ́ omi líle lẹ̀ ń sìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgbín sílẹ̀.

Èédú tí wọ́n fi ń dáná? Rárá. Kò rí bí èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún fíltà, eérú ẹ̀ á tún lọ da omi rú.

Kànrìnkànrìn ìbílẹ̀ á jẹrà nínú omi, ẹ jẹ́ kó wà ní balùwẹ̀. Ti ọlọ́ràá, nẹ́ẹ̀tì gígùn tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, kì í jẹrà, kì í dí kíákíá, ẹ kàn gé e kẹ́ ẹ ká a mọ́ra, tuntun ni kẹ́ ẹ lò o, kó má ní ọṣẹ lára. Kànrìnkànrìn onírin ń dípẹtà, ti bàbà tún burú jù, ó ń pa ìgbín àti edé inú táńkì.

Fóòmù nìkan ni mi ò fi ṣe ahun. Ti mátírẹ́ẹ̀sì máa ń ki jù, òmíràn ń yọ dáì, ẹ ò sì mọ kẹ́míkà tí wọ́n fi sí i. Owó tí àpáàdì dá dúró sápò mi ni mo fi ra fóòmù fíltà gidi, mo gé e yí inú ike ká níbi tí ihò wà, kó kọ́kọ́ gba ìdọ̀tí, nẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e, àpáàdì àti ìkarahun wà láàárín lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù.

Mo jẹ́ kó bá fíltà àtijọ́ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún bí oṣù kan kí bakitéríà lè ráyè kó wọ ibẹ̀, kí n tó yọ ti àtijọ́. Lẹ́yìn tí mo yọ ọ́, ammonia ò kúrò ní yẹ́lò, ìyẹn òdo nínú kíìtì tí mo fi ń yẹ omi wò, àwọ̀ ti nitrite fẹ́ yí sí pọ́pù díẹ̀, mo dín oúnjẹ kù, mo pààrọ̀ omi, ó padà sí búlúù, òdo tiẹ̀ nìyẹn. Omi táńkì tí mo bá fà jáde ni mo fi ń fọ fóòmù, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, torí chlorine, kẹ́míkà apakòkòrò tó wà nínú ẹ̀, ń pa bakitéríà. Àpáàdì, mi ò tíì yọ ọ́ wò.

Ohun tó kù báyìí ni ariwo. Páìpù yẹn ń hó jù lóru, mo fẹ́ gé orí ẹ̀ kúrú kó wà lábẹ́ omi díẹ̀, kí n wò ó bóyá á dákẹ́. Tẹ́nì kan bá ti ṣe é rí, ẹ bá mi sọ ọ́ kí n tó gbé ayùn.